Ẹ̀yin Ọ̀rẹ́ Aláìsàn, Ẹ Ká Apá Ẹ̀wù Yín Sókè

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, èèyàn 9 ló tẹ̀ lé aláìsàn kan wá síbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin kan náà ni gbogbo wọn. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin, wọ́n ta òróró sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo ní kí ẹni méjì wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un, ọ̀kan ní ọkọ òun ò ní gbà, àwọn yòókù ń wo ilẹ̀. Ọ̀kan wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣé kò sí àwọn tó ń tà á ni? A máa dáwó."

N kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Onímọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mí, ọdún 19 rèé tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, kò sì sí gbólóhùn tí mo kórìíra tó "a máa dáwó" yẹn. Àwọn wọ̀nyí ló mọ Jòhánù 15:13 lórí: "Kò sí ẹnìkan tí ó ní ìfẹ́ tí ó tóbi ju èyí lọ, pé ẹnìkan fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀." Ta ló ní kí wọ́n kú? Nǹkan bíi 450 mílílítà là ń gbà, láàárín bíi ìṣẹ́jú 10. Omi inú rẹ̀ á padà sára láàárín ọjọ́ kan sí méjì, èyí tó pupa á gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 8. Kò sí àyànmọ́ tó ń bá ẹ̀jẹ̀ wọ ara ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó ń kó o lọ ṣoògùn owó; nọ́ńbà wà lára àpò kọ̀ọ̀kan, a sì ń kọ ibi tó lọ sínú ìwé. Mọ́ọ̀tì tí ẹ pò mọ́ mílíìkì kì í dẹ̀jẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹni tó sì ń ta àgbo pupa fún yín lábẹ́ bíríìjì pé ó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀, àwọ̀ ló ń tà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ rírà fi ń bí mi nínú. Gbogbo àpò là ń yẹ̀ wò fún HIV, mẹ́dọ̀wú B àti C tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, àti syphilis, àrùn kan tí ìbálòpọ̀ ń kó ranni. Ṣùgbọ́n bí àrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara, ọ̀sẹ̀ mélòó kan wà tí àyẹ̀wò lè má tíì rí i. Láàárín àsìkò yẹn, òtítọ́ ẹnu ẹni tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ló ń dáàbò bo aláìsàn, nígbà tí mo bá ń bi í bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀ àti ìgbà tó fi sílẹ̀ kẹ́yìn. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ dúró fún oṣù 3 kó tó tún fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, obìnrin oṣù 4. Ẹni tó fẹ́ gbowó á ní ó ti tó oṣù 6, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló kúrò níbòmíì. Nínú Sámúẹ́lì Kejì 23, òùngbẹ omi kànga Bẹ́tílẹ́hẹ́mù gbẹ Dáfídì. Akọni mẹ́ta la àárín ogun Fílístínì já, wọ́n pọn ún wá. Dáfídì ò lè mu ún. Ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fi ẹ̀mí wọn wewu ni, ó tú u sílẹ̀ fún Olúwa. Àwọn mẹ́ta yẹn ò dáwó rán ẹnikẹ́ni.

Àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ pàápàá máa ń purọ́ fún mi. Obìnrin méjì kan wà, ìsọ̀ wọn kan ara ní Ìdúmọ̀tà, àǹkárá ni wọ́n ń tà. Ọ̀kan fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìju, èkejì sáré wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ìbéèrè mi ló dáhùn pé rárá. Àyẹ̀wò fi mẹ́dọ̀wú B hàn. Ó ti mọ̀ láti ọdún 6 sẹ́yìn. (Òun ló ní kí n sọ ọ́.) Ó ní, "Mà, kí ni ǹ bá wí? Wọ́n á ní mi ò fẹ́ràn rẹ̀ ni."

Mo bá a wí gidi. Mo ní ká ní àyẹ̀wò ṣì í ni, ìfẹ́ rẹ̀ ni ì bá kó àrùn ran ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó sunkún. Ó bi mí pé kí lòun wá lè ṣe, mo ní kó lọ wá àwọn tí ara wọn dá wá.

Mi ò mọ bí ohun tí mo ní kó ṣe ṣe wúwo tó. Bó bá dé ọjà, wọ́n á bi í: ìwọ tó o sún mọ́ ọn jù ńkọ́? Mẹ́dọ̀wú B kì í ràn nípa oúnjẹ àjọjẹ, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ṣùgbọ́n abọ́ kan náà ni gbogbo ìlà ìsọ̀ wọn ti ń jẹun ọ̀sán, ẹ̀rù èyí ló sì ń bà á láti ọdún 6 yẹn. Ó dúró láàárín wọn, ó sọ ohun tó ń ṣe é. Èèyàn márùn-ún tẹ̀ lé e wá kí aago mẹ́rin tó lù.

Àwọn márààrún jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Òun nìkan dá jókòó sórí èkejì. Nígbà tí mo fa ẹ̀jẹ̀ ẹni ìkẹyìn tán, mo gbé oúnjẹ mi jáde, mo jókòó tì í, èmi àti ẹ̀ sì jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà lójú gbogbo wọn.