Pàṣán Kọ́ Ló Ń Fa Ọkọ̀ Màlúù

Bí ènìyàn bá rí àwòrán ọkọ̀ onígi tí màlúù ń fà ní Gúúsù Áfíríkà láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, pàṣán gígùn ọwọ́ awakọ̀ ló máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Á ní ẹgba ló ń gbé ẹrù náà rìn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Awakọ̀ tó ń fi ẹgba ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ kò mọ iṣẹ́.

Màlúù 16 ni wọ́n sábà máa ń so mọ́ ọkọ̀ kan, méjì-méjì, akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá ni gbogbo wọn. Àjàgà kan ló wà lọ́rùn méjì. Igi pẹlẹbẹ méjì há ọrùn kọ̀ọ̀kan láàárín, okùn awọ sì gba abẹ́ ọ̀fun so wọ́n pọ̀. Jukskei ni wọ́n ń pe igi náà. Eré jíju igi tó ń jẹ́ orúkọ yìí ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ṣéènì kan ṣoṣo ló so gbogbo àjàgà mọ́ ọ̀pá iwájú ọkọ̀.

Ṣéènì yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ẹrù lè tó tọ́ọ̀nù 3, ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì lè rì sínú ẹrọ̀fọ̀. Bí màlúù mẹ́fà bá fà tí mẹ́wàá dúró, wàhálà lásán ni: ṣéènì á já tàbí kí àjàgà kán. Ẹ wo àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n ńlá sí etí òkun. Orin ni wọ́n fi ń mú ọwọ́ ṣọ̀kan. Ẹni tó bá fà kí orin tó dé ibi ìfà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nìkan ló bó. Orin awakọ̀ ni orúkọ àwọn màlúù rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ, ó sì mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó di okùn ìwo àwọn méjì iwájú mú á kọ́kọ́ fà wọ́n tọ́, títí ṣéènì á fi le. Awakọ̀ á wá máa pe orúkọ àwọn tó ń lọ́ra, títí ọrùn gbogbo wọn á fi wọnú àjàgà. Ìgbà náà ló máa tó ké “Trek!”, ìyẹn “Ẹ fà!” Pàṣán á dún lókè, kò ní kan ara màlúù kankan. Ó gùn bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ ni awakọ̀ fi ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bó bá sì pọn dandan, ó gbọ́dọ̀ lè fi pàṣán kan èyí tó ń ṣọ̀lẹ lókèèrè.

Àwọn tó gbọ́n ló ń wà níwájú, àwọn tó sanra tó lágbára ló ń wà nídìí ọ̀pá, torí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àwọn nìkan ló ń dá ọkọ̀ dúró pẹ̀lú bíréèkì onígi. Bí bíréèkì bá jẹ tán, ọkọ̀ á gun wọ́n.

Koríko ni epo ọkọ̀ yìí, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọ̀sán ni wọ́n ń tú màlúù sílẹ̀ kó jẹko, òru àti ìdájí ni wọ́n ń rìn. Lọ́nà Delagoa Bay, ní etíkun Mòsáńbíìkì, òru ni wọ́n ń sá gba ibi tí eṣinṣin tsetse tó ń kó àrùn ran màlúù pọ̀ sí, torí ojúmọmọ ló ń jẹni. Ṣùgbọ́n kò sí òru tí wọ́n lè fi sá fún rinderpest, àrùn tó ń ran láàárín màlúù tó sì ń pa wọ́n. Lọ́dún 1896, àrùn náà pa màlúù lójú ọ̀nà Bulawayo, ní Zimbabwe òní, ọkọ̀ sì dúró síbẹ̀ tẹrùtẹrù. Ọdún kejì ni rélùwéè dé ìlú náà.