Ẹ Pa Fóònù Yín: Ọ̀rọ̀ Láti Yàrá Projẹ́kítọ̀

Oṣù Kọkànlá tí AFRIFF, àjọ̀dún fíìmù ńlá Èkó, máa ń wáyé kò ní pẹ́ dé, ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, aṣọ wo ni ká wọ̀ lọ sí AFRIFF?" "Bọ̀dá, ṣé ẹ lè mú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣèré?" Èmi ni mo máa ń wà nínú yàrá kékeré tó wà lókè lẹ́yìn yín, tí mò ń fi fíìmù hàn lójú aṣọ funfun. Agbára káká ni ẹnì kan fi ń bi mí pé fíìmù wo ló yẹ kóun wò. Bí mo bá ń gòkè lọ sẹ́nu iṣẹ́, ẹsẹ̀ ò gbèrò níbi kápẹ́ẹ̀tì pupa. Bí mo bá tan ẹ̀rọ tán tí mo yọjú wo gbọ̀ngán, àga ló pọ̀ ju èèyàn lọ.

Mi ò ní jókòó máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ra léèsì lórí Instagram kò nílò mi fún ìyẹn. Fíìmù tí ojú àwọn gbajúmọ̀ kún pátákó rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Kó tó di Kérésìmesì, ó ṣeé ṣe kó ti wà nílé sinimá láti Ìkẹjà dé Lẹ́kí. Èyí tó wá láti Burkina Faso tàbí Kenya, tí ẹ ò mọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, òun ni kí ẹ tètè wọlé fún, torí ó lè máà gba Èkó kọjá mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù kúkúrú tí wọ́n ń kó jọ ní àjọ̀dún S16 lóṣù Kejìlá, àti fíìmù ìtàn gidi (documentary) tí àjọ̀dún iREP sábà máa ń gbé wá sí Freedom Park lóṣù Kẹta.

Ẹ má sì rò pé ẹ lè wo ọ̀kan ní Ìkẹjà láago méjì kí ẹ wo òmíràn ní Erékùṣù láago mẹ́rin. Third Mainland Bridge kì í ka ìwé ètò. Ẹni tó ń bọ̀ láti apá Mile 2, kó wọ rélùwéè Blue Line tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2023, kó bọ́ sílẹ̀ ní Marina. Freedom Park kò jìnnà síbẹ̀, ojú Broad Street ló wà. Bí ẹ bá sì pẹ́, ẹ má ránṣẹ́ sí mi pé kí n dúró. Ọ̀pọ̀ fíìmù ló máa ń wà ní títì nínú ẹ̀rọ, wákàtí tí kọ́kọ́rọ́ orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣí i ń ṣiṣẹ́ sì ní ìwọ̀n. Ẹ̀rọ kì í gba ẹ̀bẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fóònù.

Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí àwa oníṣẹ́ fẹnu kò lé lórí fún aṣọ sinimá ni candela 48 (candela ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) lórí mítà kan níbùú lóròó. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín lè tan tó 500, kó má ṣe bíi pé ó ń ṣe nǹkan kan. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ ń yọ lápò yẹn mọ́lẹ̀ ju fíìmù tí ẹ wá wò lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Láti òkè níbi tí mo wà, ó dà bí àtùpà oní-àkàrà alẹ́: ibi gbogbo ló ti ń hàn. Ẹ sì gbọ́, ojú èèyàn ń gba bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí òkùnkùn tó mọ́ ọn lára dáadáa. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹyinjú, lápá ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé àwọn la fi ń ríran nínú òkùnkùn. Èròjà inú wọn ni ìmọ́lẹ̀ ń tú ká, òkùnkùn ló sì ń tò ó padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo WhatsApp lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u ká, tiyín àti ti ẹni tó jókòó tì yín. Fíìmù kúkúrú lè má ju ìṣẹ́jú 10 lọ. Kí ojú tó padà sípò, orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gòkè lọ.

Àwọn ọmọ wa tó ń ya fíìmù ti ń gbìyànjú gan-an lórí bí awọ ara dúdú ṣe máa hàn lóru, láìsí pé wọ́n ń da iná rẹpẹtẹ sí i lójú. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ̀yin á gbé fóònù sókè, ẹ ò ní rí nǹkan kan, ẹ ó wá jáde máa sọ pé fíìmù náà ṣókùnkùn jù, pé ẹ̀rọ wa ti gbó. Ẹ̀rọ wo ló gbó? Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí iṣẹ́ yìí ti wà ní Èkó. Oṣù Kẹjọ 1903 ni wọ́n ti ń fi sinimá han àwọn ará ìlú ní Glover Memorial Hall. Mo mọ iṣẹ́ mi.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ohùn dùn létí yín, ẹ má jókòó síwájú, ẹ má sì lọ fara ti ògiri ẹ̀yìn. Bí a bá ń wọn ohùn gbọ̀ngán, àárín ìlà àga, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta láti ojú aṣọ lọ sí ẹ̀yìn, la máa ń gbé máíkì sí.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń fi àwọn ọmọ tó fẹ́ wọ iṣẹ́ fíìmù jẹun. Wọ́n ń ta ọṣẹ awúre fún wọn, pé bí wọ́n bá fi wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, ojú dáírẹ́kítọ̀ á bọ́ sí wọn lára. Nínú òkùnkùn? Ẹnì kan tiẹ̀ da òróró sórí flash drive tí fíìmù rẹ̀ wà, ó ní kí n tì í bọ ẹ̀rọ mi. Mo lé e jáde.

Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan láti Ìyánà-Ìpájà wá tí mi ò lè lé. Owó ara rẹ̀ ló fi ya fíìmù kúkúrú. Ọkùnrin kan gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun á bá a fi í wọlé, ó sì fún un ní lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó kó ìyá rẹ̀ wá nínú aṣọ òkè, àwọn ará ilé kún dáńfó kan tẹ̀ lé e. Orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ètò. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí sílẹ̀ bíi pé èmi ni mo gbé fíìmù náà pa mọ́. Ọmọ náà na fóònù sí mi: inú WhatsApp ni fíìmù wà, ó ti fún mọ́ra débi pé ojú òṣèré ò yàtọ̀ sí ti amọ̀. Kí ni kí n ṣe sí i? Ìyá náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ọmọ mi, ẹ ṣáà fi hàn wá díẹ̀." Wọ́n pe nọ́ńbà ọkùnrin yẹn títí, kò wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń lọ. Ojú ìwé àjọ̀dún fúnra rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí FilmFreeway, ìkànnì tí ọ̀pọ̀ àjọ̀dún ń gbà gba fíìmù, ni wọ́n ń gbà fi fíìmù ránṣẹ́, ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú. Orúkọ yín lẹ máa fi sí i, ẹ̀yin náà lẹ máa gba èsì nínú íméèlì yín. Bí wọ́n bá mú fíìmù yín, wọ́n á béèrè ojúlówó rẹ̀ lọ́wọ́ yín kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kò pọn dandan kí ẹlòmíràn wọ àárín. Ẹni tó bá ní àbúrò òun ló ń yan fíìmù, tó ní kí ẹ mú owó wá, olè ni.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́nu ọ̀nà, mo rí ẹni tí mo fura sí pé òun ló gbowó lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ó wọ súùtì, ó so káàdì gbàǹgbà mọ́rùn. Mo fi í han àwọn sẹ́kúríìtì. Wọ́n ní àwọn rò pé ọ̀gá wa ni.