Ẹni Tó Wà Nídìí Àmì: Bí Férémù àti Yàrà Ṣe Dé Pápá Ìyìnbọn

Ọdẹ tó yìnbọn sí ẹtu nínú igbó kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un bóyá ó bà á. Bí ọta bá wọlé, ẹran á ṣubú, tàbí kó máa sá lọ kí ọdẹ máa tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dojú bolẹ̀ lórí koríko, tó ń yìnbọn sí àmì tó jìnnà sí i ní 1000 yáàdì, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun bà á? Ihò tí ọta dá kò gba àtàńpàkò. Láti ibi tó wà, àmì náà fúnra rẹ̀ kò ju ẹ̀ẹ́kánná lọ lójú rẹ̀.

Ìbéèrè yìí ló bí gbogbo ohun èlò tí a ń rí ní pápá ìyìnbọn lónìí. Àwọn èèyàn sábà máa ń rò pé ayìnbọn ni wọ́n ṣe férémù, ìyẹn igi tí wọ́n ń na àmì sí, fún. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà nídìí àmì, tó ń ka ibi tí ọta gbà wọlé, òun ni wọ́n ṣe é fún, kó lè kà á dáadáa, kó sì délé láyọ̀.

Kí ìbọn tó gbòde, ọfà ni wọ́n ń ta. Ní 1363, Edward Kẹta, ọba England, pàṣẹ pé kí gbogbo ọkùnrin tí ara rẹ̀ dá máa kọ́ ọfà títa ní ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́ ọdún. Wọ́n kó erùpẹ̀ jọ di òkìtì sí ẹ̀yìn ìlú, koríko hù bò ó, wọ́n sì fi aṣọ funfun tàbí ohun mìíràn ṣe àmì sí i lára. Òkìtì yẹn ni wọ́n ń pè ní butt. Ọfà kò le láti kà: bó bá ti wọlé, ibẹ̀ náà ni yóò dúró sí, kí olówó rẹ̀ rìn lọ fà á yọ. Ohun tó wù mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé orúkọ yẹn kò kú. Títí dòní, bí o bá dé pápá ìyìnbọn ní England, ibi tí àmì wà ni wọ́n ń pè ní butts, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí tafàtafà kankan níbẹ̀ mọ́.

Ní Belgium, Netherlands àti Jámánì, àwọn ẹgbẹ́ ìlú gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n gbẹ́ ẹyẹ onígi, wọ́n gbé e sórí ọ̀pá gíga fíofío, wọ́n wá ń ta á láti ìsàlẹ̀. Papegai ni wọ́n ń pè é, ìyẹn odídẹrẹ́. Ẹni tó bá ta á lulẹ̀ ni ọba ẹgbẹ́ lọ́dún náà. (Àwa tí ìkóóde ṣe iyebíye lójú wa lè má fẹ́ fi odídẹrẹ́ ṣe àmì, ṣùgbọ́n igi lásán ni tiwọn.) Níbẹ̀ náà, kò sí àríyànjiyàn: ẹyẹ já bọ́ tàbí kò já. Nígbà tí ìbọn dé ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo pátákó onígi tí wọ́n ya àwòrán sí: ìyàwó tuntun, ẹranko, ilé ọlọ́jọ́ ìbí. Wọ́n á yìn ín, wọ́n á sì gbé e kọ́ ara ògiri ilé ẹgbẹ́ pẹ̀lú ihò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú pátákó bẹ́ẹ̀ ṣì wà lára ògiri ní Jámánì, Austria àti Switzerland.

Ìbọn ayé ìgbà yẹn kò ríran jìnnà. Inú agba rẹ̀ ń dán, ọta sì ń gbọ̀n nínú rẹ̀ bó ṣe ń jáde. Ẹni tó bá lè fi í ba èèyàn ní 100 yáàdì, orí ló bá a ṣe é. Ìyípadà dé láàárín àwọn ọdún 1850, nígbà tí ìbọn tí wọ́n fín inú agba rẹ̀, kí ọta lè máa yí bíi òkòtó bó ṣe ń lọ, wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun. Ìbọn Enfield ti 1853 tí wọ́n kó fún àwọn ọmọ ogun England ní ohun ìwọn lórí tó gba jíjìn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún yáàdì. Lọ́dún náà gan-an ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìbọn yíyìn sílẹ̀ ní Hythe, létí òkun. Òkìtì ẹ̀yìn ìlú kò tó mọ́. Àmì ti jìnnà kọjá ibi tí ojú lè kà.

Irin ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Wọ́n ń mú irin pẹlẹbẹ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó fẹ̀ ní 2, wọ́n á tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí àmì bá ṣe jìnnà tó ni iye irin tí wọ́n ń tò á ṣe pọ̀ tó. Wọ́n á fi ẹfun kùn ún, wọ́n á kun àárín rẹ̀ ní dúdú. Bí ọta òjé bá gba irin, á fọ́ pẹ̀ẹ́, á sì fi àbàwọ́n eléérú sílẹ̀ lórí ẹfun. Ayìnbọn á gbọ́ ohùn irin náà láti ọ̀ọ́kán. Ẹni tó ń ka àmì wà nínú ahéré onírin ní tòsí, á yọjú, á wo ibi tí àbàwọ́n wà, á na àsíá tàbí àwo aláwọ̀ sókè láti fi sọ ohun tó rí. Lẹ́yìn náà, á jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti garawa ẹfun láti pa àbàwọ́n rẹ́. Yorùbá ní ẹni tó ta ọfà sókè ló ń yídó borí. Níbí, ẹlòmíràn ló ń yìnbọn, ẹni tó ń ka àmì ló ń yídó borí.

Irú irin bẹ́ẹ̀ ló wà ní pápá Wimbledon ní 2 Oṣù Keje 1860, nígbà tí ẹgbẹ́ ayìnbọn England, National Rifle Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, ṣe ìdíje wọn àkọ́kọ́. Ọbabìnrin Victoria ló yìn ín ṣí. Wọ́n ti de ìbọn Whitworth kan mọ́ orí irin, wọ́n sì ti fojú rẹ̀ sun àmì ní 400 yáàdì kí ó tó dé; okùn ṣẹ́dà ló kàn fà. Ọta náà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àárín gbùngbùn.

Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ àmì ṣe lè kó orílẹ̀-èdè méjì láyà sókè, ká lọ sí Creedmoor, ní Queens, ìlú New York. Oko ìdílé kan tí ń jẹ́ Creed ni tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ ayìnbọn Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1871 sọ ọ́ di pápá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìdíje níbẹ̀ ní 1873. Àwọn ará Ireland, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ borí England àti Scotland ní Wimbledon lọ́dún yẹn, pe àwọn ará Amẹ́ríkà níjà. Ọjọ́ 26 Oṣù Kẹsán-án 1874 ni ìjà náà pé. Èèyàn mẹ́fà mẹ́fà, ọta 15 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 800, 900 àti 1000 yáàdì. Àmì wọn fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó ga ní 6, àárín rẹ̀ sì jẹ́ dúdú onígun mẹ́rin. Ẹni tó bá ba dúdú gba 4.

J. K. Milner, ọ̀kan nínú àwọn ará Ireland, yìn, ọta rẹ̀ sì bọ́ sínú dúdú gan-an. Àmì ẹlòmíràn ni. Òfo ni wọ́n kọ fún un. Nígbà tí àwọn Ireland parí, 931 ni wọ́n ní. Amẹ́ríkà ní 930, ó sì ku ọta kan lọ́wọ́ John Bodine. Kó tó yìn ín, ìgò ọtí jínjà kan fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ó fi áńkáṣíìfù di ọwọ́ náà, ó dùbúlẹ̀, ó yìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dákẹ́ lọ rọ́rọ́, wọ́n ń wo ọ̀ọ́kán. Wọn ò lè rí ihò, wọn ò lè rí àbàwọ́n. Nígbà tó yá, àwo funfun kan gòkè wá díẹ̀díẹ̀ níwájú àmì: dúdú ló bà. 934 sí 931. Ká ní ọta Milner lọ sí àmì tirẹ̀ ni, Ireland ì bá ní 935.

Ẹ wò ó, nínú gbogbo ariwo ọjọ́ yẹn, ẹni tó gbé àwo funfun yẹn sókè ni mo máa ń rò. Òun nìkan ló mọ̀ nígbà tí kò tíì sí ẹlòmíràn tó mọ̀. Títí di òní, nọ́ńbà ńlá gàgàrà máa ń wà lábẹ́ tàbí lórí férémù kọ̀ọ̀kan ní pápá, ẹni tó bá sì ba àmì aládùúgbò rẹ̀, òfo náà ni yóò gbà bíi Milner. Bákan náà, àárín onígun mẹ́rin kò pẹ́ mọ́. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di òbìrí, máàkì àárín sì di 5. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀: igun àmì onígun mẹ́rin jìnnà sí àárín gbùngbùn ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, ọta méjì tó jìnnà bákan náà sí àárín lè gba máàkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Irin ní ìyọnu tirẹ̀. Ó wúwo, òjé tó bá fọ́ lára rẹ̀ ń ta sí ibi gbogbo, ìbọn sì gbọ́dọ̀ dúró kí ẹni tó fẹ́ kun ẹfun tó lè jáde. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi máa parí, káfíńtà ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Wọ́n gbẹ́ yàrà sílẹ̀, wọ́n fi ògiri àti erùpẹ̀ ṣe iwájú rẹ̀, wọ́n wá na kánfáàsì sórí férémù igi fúyẹ́fúyẹ́, wọ́n lẹ bébà àmì mọ́ ọn lára. Férémù méjì ni wọ́n so mọ́ ara wọn lórí ṣéènì tàbí wáyà tó gba orí kẹ̀kẹ́ kékeré: bí ọ̀kan bá ń gòkè, èkejì á máa sọ̀ kalẹ̀. Ọta gba inú kánfáàsì kọjá lọ sínú òkìtì ẹ̀yìn, kò dúró, kò ta síbìkan. Ẹ̀tàn kékeré yìí, pé kí àmì fúnra rẹ̀ má ṣe dá ọta dúró mọ́, ni mo kà sí ọgbọ́n tó ga jù nínú ìtàn yìí. Bisley ní Surrey, níbi tí ẹgbẹ́ ayìnbọn England kó lọ ní 1890 nígbà tí ilé ti yí Wimbledon ká, ṣì ń lò ó títí di òní.

Bí iṣẹ́ inú yàrà ṣe rí nìyí. O jókòó, ẹ̀yìn rẹ gbára lé ògiri, o gbójú sókè sí férémù. O gbọ́ pàṣán kan tó ró lókè orí rẹ, pá! Ìyẹn ni ọta fúnra rẹ̀, nítorí ó ń sáré ju ohùn lọ. Bí o bá wà ní 1000 yáàdì, bí ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn náà ni ohùn ìbọn tó yìn ín tó dé, gbòdù, bíi ti odó tí wọ́n gún ní agboolé kejì. Ìwọ ti fa férémù wálẹ̀. O wá ihò. Nígbà mìíràn eruku tó ta lára òkìtì ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà hàn ọ́. O ki àwo kékeré onígi tó ní ẹnu ṣóńṣó bọ inú ihò náà kí ayìnbọn lè fi awò rí i, o mú bébà pélébé onígọ́ọ̀mù, dúdú bí ó bá wà nínú dúdú, funfun bí ó bá wà níta, o fi dí ihò ti tẹ́lẹ̀. O gbé ohun tó ń fi máàkì hàn sí àyè rẹ̀. O tì í sókè. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ ń yí padà, ayìnbọn sì ń retí. Bí ọta kò bá bà á rárá, láyé ìgbà kan, àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà a máa ju àsíá pupa síwá sẹ́yìn níwájú àmì. Maggie's drawers ni wọ́n ń pè é, pátá Maggie. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n ju ú sí òun.

Àwọn tó ń yìn ohun tó ń fò ní ìtàn tiwọn. Ẹyẹlé ààyè ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú sílẹ̀ láti inú àpótí. Ní Olympic Paris 1900, wọ́n pa ẹyẹlé tó sún mọ́ 300. Kó tó dìgbà náà, Adam Bogardus ní Amẹ́ríkà ti ń fi ẹ̀rọ ju bọ́ọ̀lù onígíláàsì sókè, ṣùgbọ́n àfọ́kù ìgò ń kún inú oko olóko. George Ligowsky, ará Cincinnati, ló gba ìwé àṣẹ ní 1880 lórí àwo amọ̀ pẹlẹbẹ tó ń yí bó ṣe ń fò. Lónìí, ti ìdíje àgbáyé fẹ̀ ní mílímítà 110, ó wọ̀n ní gíráàmù 105, wọ́n sì ń fi òkúta ẹfun àti ọ̀dà pò ó. Àwọn ológun náà ní tiwọn: láàárín àwọn ọdún 1950, Amẹ́ríkà fi àwòrán èèyàn tó ń dìde láti inú koríko, tó sì ń wó lulẹ̀ bí ọta bá bà á, rọ́pò òbìrí fún ìkọ́ni ṣọ́jà.

Ìyípadà tó kàn ni ti ohùn. Ní àwọn ìdíje àgbáyé, àmì tí ilé-iṣẹ́ Sius ti Switzerland ń ṣe wà lára àwọn tó gbòde jù. Àwọn makirofóònù wà ní àyíká férémù irú rẹ̀ tó ń lo ohùn. Ọta bá kọjá, ohùn rẹ̀ á dé ọ̀kan ṣáájú òmíràn, kọ̀ǹpútà á fi ìyàtọ̀ àkókò náà ṣírò ibi tí ọta gbà, á sì gbé e sí iwájú ayìnbọn kó tó mí. Ó ṣe pàtàkì bẹ́ẹ̀, nítorí pé àárín tó ń fúnni ní máàkì 10 fún ìbọn afẹ́fẹ́ alágba gígùn ní mítà 10 kò ju mílímítà 0.5 lọ, bíi kókó àmì ìdánudúró tí mo fi parí gbólóhùn yìí.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrà níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, wọ́n ṣì máa ń fi bébà sẹ́yìn àmì onímakirofóònù yìí. Bí ayìnbọn bá ní ẹ̀rọ kò ka ọta òun bó ṣe yẹ, wọ́n á dá ìbọn dúró, adájọ́ á rìn lọ sídìí férémù, á tú bébà náà, á sì fi ojú ara rẹ̀ wá ihò.