Bí A Ṣe Ń Ka Àkókò Òǹlò Kí A Tó Kọ Ètò Kọ̀ǹpútà

Kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlà kan lára ètò kọ̀ǹpútà, ó ṣeé ṣe láti mọ iye àkókò tí iṣẹ́ kan yóò gbà lọ́wọ́ ẹni tó máa lò ó. Ìwé àti bírò tó fún un, bí a bá ṣáà ti mọ ohun tí ojú, ọwọ́ àti ọpọlọ ń ṣe nígbà tí èèyàn bá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Àwọn olùwádìí mẹ́ta, Stuart Card, Thomas Moran àti Allen Newell, ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní ọdún 1980. Wọ́n fọ́ iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, wọ́n wọn àkókò tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà, wọ́n sì fi hàn pé bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kì í jìnnà sí ohun tí aago yóò sọ.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ dáadáa ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.2 lórí bọ́tìnnì kan. Fífi máòsì tọ́ka sí ohun kan gba 1.1, gbígbé ọwọ́ láti orí bọ́tìnnì bọ́ sórí máòsì sì gba 0.4. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ṣeé fi ojú rí: àkókò tí èèyàn fi ń pinnu lọ́kàn ohun tó kàn, 1.35.

Ká ní ẹnì kan ń tẹ̀wé lọ́wọ́, tó wá fẹ́ pa fáìlì kan rẹ́. Ó ronú (1.35), ó na ọwọ́ sí máòsì (0.4), ó tọ́ka sí fáìlì náà (1.1), ó tẹ̀ ẹ́ (0.2), ó tọ́ka sí àkójọ àṣẹ tó wà lókè (1.1), ó tẹ̀ ẹ́ (0.2), ó tọ́ka sí àṣẹ ìparẹ́ (1.1), ó tẹ̀ ẹ́ (0.2), ó sì dá ọwọ́ padà (0.4). Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 6.05. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tó yan fáìlì náà, ó dá ọwọ́ padà, ó sì tẹ bọ́tìnnì ìparẹ́ kan ṣoṣo, 3.65 ni.

Ibi tó le jù ni mímọ ibi tí a ó fi àkókò ìrònú sí. Ẹni tó ń tẹ orúkọ ara rẹ̀ kì í ronú láàárín lẹ́tà kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó yan àṣẹ. Ẹni tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, tó bá gbójú fo ìdúró yìí, yóò máa yọ bọ́tìnnì kúrò níbi tí kò ti dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Iye 1.1 tí a fún títọ́ka náà kò dúró sójú kan: Paul Fitts, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá, ti fi hàn ní ọdún 1954 pé bí ohun tí a ń nawọ́ sí bá ṣe jìnnà tó, tó sì kéré tó, ni àkókò náà ṣe ń gùn sí i.

Ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà, tí kò sì ṣàṣìṣe, ni ìṣirò yìí wà fún. Kò lè sọ bí yóò ṣe rí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Síbẹ̀, agbára rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù NYNEX ní Amẹ́ríkà fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ń bá oníbàárà so ìpè. Ẹ̀rọ tuntun náà dín bọ́tìnnì títẹ̀ kù, ìrètí sì ni pé yóò yá ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ̀yà ìṣirò yìí kan, èyí tó ń wo ohun tí etí, ẹnu àti ọwọ́ ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, sọ òdìkejì: ìpè kọ̀ọ̀kan yóò fi nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 0.6 pẹ́ sí i. Àwọn bọ́tìnnì tí wọ́n yọ jẹ́ èyí tí òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ nígbà tí oníbàárà ṣì ń sọ̀rọ̀, nítorí náà kò sí àkókò kankan tí yíyọ wọn dín kù, nígbà tí èyí tí wọ́n sún sí òpin ìpè bọ́ sí ibi tí kò ti sí ọ̀rọ̀ kankan tí yóò bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán ẹ̀rọ náà wò lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí, wọn kò sì rà á.