Ààlè lára PDF: ìdí tí yẹ́lò fi ń kọ̀ tí kò mú

Nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó wà nítòsí ọgbà OAU ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ fi yẹ́lò kun ìlà kan nínú PDF tí yẹ́lò ò mú: “Fáìlì yìí ti bàjẹ́.” Á tún un dáńlóòdù, kò mú. Á yọ áàpù kúrò, á tún un gbé padà, kò mú. Dátà ń lọ, ọjọ́ ìdánwò ń súnmọ́lé, bẹ́ẹ̀ fáìlì ò bàjẹ́. Fáìlì tó bàjẹ́ sábà máa ń kọ̀ láti ṣí ni. Bó bá tiẹ̀ ṣí, ojú ewé á funfun báláú, tàbí kí lẹ́tà rẹ̀ dàrú. Èyí tó ṣí wẹ́rẹ́, tó ṣeé kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tó kàn kọ̀ láti gba àmì ní tirẹ̀, ara rẹ̀ le koko. Àwọn kan ti pààlè sí i, tàbí kó jẹ́ pé àwòrán lásán ni, tàbí kó jẹ́ pé áàpù tó ń tọ́jú ìwé ló di ọwọ́ mọ́ ọn.

Ibi tí àmì ń gbé ló yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀. Kì í gbé lára ọ̀rọ̀ ojú ewé rárá. Nígbà tí a bá fi yẹ́lò kun ìlà kan, áàpù ò ní fọwọ́ kan lẹ́tà kankan. Ọ̀pọ̀ áàpù á lọ sí ìparí fáìlì, wọ́n á fi àkọsílẹ̀ tuntun kún un níbẹ̀: irú àmì tó jẹ́, àwọ̀ rẹ̀, ojú ewé tó wà fún, àti nọ́ńbà mẹ́jọ tó ń sọ ibi tí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹ́lò náà máa bọ́ sí. Ojú ewé A4 fẹ̀ tó 595, ó ga tó 842, nínú ìwọ̀n tó jẹ́ pé 72 ló ń pé íǹṣì kan, igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì sì ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tẹ́ nàìlọ́nù tó mọ́ gaara lé ojú ìwé ló rí: orí nàìlọ́nù là ń kọ nǹkan sí, ìwé abẹ́ rẹ̀ ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Láti ọdún 1993 tí ilé-iṣẹ́ Adobe ti gbé PDF jáde, ohun tó mú kó wúlò ni pé ojú ewé rẹ̀ kì í yẹ̀ níbikíbi tí a bá ti ṣí i. Nàìlọ́nù yìí jẹ́ kí èèyàn lè bá ìwé sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ìwé yí padà. Ọgbọ́n ńlá ni.

Ṣùgbọ́n bí nàìlọ́nù bá yàtọ̀ sí ìwé, a jẹ́ pé èèyàn lè fún ẹlòmíràn láyè láti ka ìwé kó má sì fún un láyè láti tẹ́ nàìlọ́nù. Ibẹ̀ ni ààlè ti wọlé.

Igi ìdáná tí ẹnì kan ṣẹ́, tó kó jọ sẹ́bàá ọ̀nà oko láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà, kò ní ilẹ̀kùn, kò ní àgádágodo. Olówó rẹ̀ á so àkísà pupa mọ́ ọn, tàbí kó fi àlòkù ìgbálẹ̀ lé e, á sì bá tirẹ̀ lọ. Àkísà ò lè di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú. Ohun tó ń ṣọ́ igi náà ni pé ẹni tó ń kọjá lọ mọ ohun tí àkísà yẹn ń sọ, ó sì ní ẹ̀kọ́ ilé.

Báyìí gan-an ni PDF ṣe ń ṣe é. Pásíwọ́ọ̀dù méjì ló lè wà lórí fáìlì. Ti àkọ́kọ́ wà fún ṣíṣí: àgádágodo gidi nìyẹn, ẹni tí kò bá ní in kò lè ka lẹ́tà kan. Ti èkejì jẹ́ ti olówó fáìlì, òun ló ń pinnu ohun tí àlejò lè ṣe tó bá ti wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn èkejì nìkan ni wọ́n máa ń fi sí i. Fáìlì wà ní títì lóòótọ́, àmọ́ pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣí i ṣófo, áàpù á sì fi òfìfo yẹn ṣí i láìbi ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá ti wọlé, ààlè nìkan ló kù tó lè dá a dúró.

Ààlè náà kò ju nọ́ńbà kan lọ. P ni wọ́n ń pè é nínú fáìlì. Bíìtì 32 ló wà nínú rẹ̀, bíi súìṣì tí wọ́n tò sára ògiri. Ìkẹta wà fún títẹ ìwé sórí pépà, ìkẹrin fún yíyí ohun inú rẹ̀ padà, ìkarùn-ún fún dída ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ, ìkẹfà fún àmì àti kọ́mẹ́ǹtì. Bí ohun gbogbo bá ṣí sílẹ̀, P á jẹ́ -4. Bí olówó fáìlì bá pa súìṣì kẹfà nìkan, á di -36. Ohun tó wà láàárín -4 àti -36, ìyẹn 32 péré, lohun tó ń dá yẹ́lò dúró. Bó bá pa gbogbo súìṣì àṣẹ tó wà níbẹ̀, á di -3904. (Àmì ìyọkúrò iwájú wọn kò fi hàn pé nǹkan dín; bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ka nọ́ńbà tí súìṣì ìkẹyìn rẹ̀ wà ní títàn nìyẹn.)

Kò sí ohunkóhun nínú -36 tó lè gba bírò lọ́wọ́ áàpù. Ìlànà PDF fúnra rẹ̀, tó di ìlànà ISO, àjọ tó ń ṣètò ìlànà fún gbogbo àgbáyé, lọ́dún 2008, gbé e lé àwọn tó ń ṣe áàpù lọ́wọ́ pé kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ohun tí olówó fáìlì fẹ́. Áàpù tó ní ẹ̀kọ́ ilé á rí ààlè, á sì kó bírò rẹ̀ pamọ́. Èyí tí kò ní á kọjá bí ẹni pé kò rí nǹkan kan. Ìdí nìyí tí fáìlì kan náà fi máa ń kọ̀ láti gba yẹ́lò lórí kọ̀ǹpútà, tó sì máa ń gbà á lórí fóònù ọ̀rẹ́ ẹni. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá máa bú áàpù àkọ́kọ́ pé kò dáa, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lọmọlúàbí nínú méjèèjì. Èyí dunni púpọ̀, torí ẹni tó ṣe dáadáa là ń nà lẹ́gba.

Ibi tí ètò yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ààlè PDF kò ní ẹnu. Lóko, èèyàn mọ ilé ẹni tó nigi, ó lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ pé kó yọ̀ǹda ìdì kan fóun. Nọ́ńbà P kò sọ ìdí, kò sì tọ́ka ẹni tí a lè bẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni ẹni tó fi í síbẹ̀ ò mọ̀ pé òun fi í. Ó kàn tẹ “dáàbò bo fáìlì” nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ òun padà, gbogbo súìṣì wá kú pọ̀. Pípa ìkẹrin nìkan ì bá tó o. Ẹni tó ń pín ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́, kó jọ̀ọ́ fi ìkẹfà sílẹ̀ ní títàn.

Láti mọ̀ bóyá ààlè ni, nínú Acrobat Reader, áàpù tí Adobe ṣe fún kíka PDF, lórí Windows, tẹ Ctrl àti D pọ̀, kí o wo abala Security. Bí iwájú Commenting bá sọ pé Not Allowed, ọ̀rọ̀ ti yanjú: lọ bá ẹni tó ni fáìlì kó fún ọ ní ẹ̀dà mìíràn. Bí ìwé náà bá ní òǹtẹ̀ ìfọwọ́sí oní-kọ̀ǹpútà tó fi í lélẹ̀ pé ojúlówó ni, ìpele mẹ́ta ni irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní, ìkẹta nìkan ló sì ń gba àmì láyè.

Ti àwòrán kò le. Fa ọwọ́ lórí ọ̀rọ̀ kan. Bí kò bá sí lẹ́tà kankan tó dì mọ́ ọ lọ́wọ́, fọ́tò ìwé ni wọ́n kó sínú PDF. Bírò á kọ lórí rẹ̀, àmọ́ yẹ́lò ń wá lẹ́tà tó máa dì mú, kò sì rí i. OCR ni oògùn rẹ̀: á wo àwòrán, á kọ ọ̀rọ̀ tó rí sórí rẹ̀ lọ́nà tí ojú ò lè rí. Tesseract, ètò OCR kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ní dátà fún Yorùbá, àmọ́ àmì ohùn sábà máa ń já bọ́, tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á fi di ọ̀kan. Kò dí yẹ́lò lọ́wọ́, torí ipò lẹ́tà ló ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé náà ni yóò jìyà rẹ̀.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ áàpù tó ń tọ́jú ìwé. Ní ọ́fíìsì, ètò bẹ́ẹ̀ lè tì fáìlì mọ́ ẹni tó kọ́kọ́ gbé e, kí èèyàn méjì má bàa jọ yí i padà. Bí onítọ̀hún bá ti relé láìdá a padà, àfi kí alábòójútó ètò náà tú u. Ẹ̀dà ìwòran ni àwọn mìíràn ń fi hàn wá, tí fáìlì gan-an ṣì wà nínú àká. Da fáìlì náà kọ sórí kọ̀ǹpútà, kí o ṣí i níbẹ̀. Bó bá gba yẹ́lò, kì í ṣe ẹjọ́ PDF mọ́.

Zotero, áàpù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń to ìwé ìwádìí wọn jọ, tún ní tirẹ̀. Láti ẹ̀yà 6 tó jáde lọ́dún 2022, èèyàn lè fi àmì sí PDF nínú rẹ̀, àmọ́ inú àká dátà tirẹ̀ ló ń tẹ́ nàìlọ́nù náà sí, kì í ṣe inú fáìlì. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi odidi alẹ́ sàmì sí ìwé, á fa PDF náà jáde látinú fódà, á fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀, olùkọ́ á ṣí i, á bá ojú ewé tó mọ́ tónítóní. Kí wọ́n tó lè rí àmì náà níbòmíràn, ó ní láti jẹ́ kí Zotero fúnra rẹ̀ kó PDF jáde tàmì-tàmì.