Tí adájọ́ bá ti dá ẹjọ́ gbèsè láìgbọ́ ẹlẹ́rìí, báwo ni kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ṣe ń lọ?

Ká ní ẹnì kan tó ń ta sìmẹ́ńtì àti irin ìkọ́lé ní Takie l'Ọ́gbómọ̀ṣọ́ kó ọjà àwìn fún kọngílá, owó ẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà, kọngílá ní tí oṣù bá parí òun á san, oṣù parí, òmíì tún parí, ó di pé wọ́n ń pè é kò gbé fóònù mọ́. Tí ọlọ́jà bá gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga, kò pọn dandan kí ẹlẹ́rìí máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan fún ọdún méjì mẹ́ta. Òfin gbà á láyè kó kó ìwé ẹ̀ jọ, ínfọ́ìsì, ìwé tí kọngílá sáìn nígbà tó gba ẹrù, mẹ́sẹ́èjì tó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún àkókò, kó sọ fún adájọ́ pé ẹni yìí ò ní àwíjàre kankan, ẹ dá a lẹ́jọ́ báyìí. Summary judgment làwọn lọ́yà ń pè é.

Kọngílá náà láǹfààní láti fèsì o. Ó máa kọ ìwé àwíjàre ẹ̀, ó máa búra áfídéfíìtì, ìyẹn ìwé tó fi ìbúra kọ ohun tó mọ̀ sí, ó máa kó ẹ̀rí tiẹ̀ náà mọ́ ọn. Ibí gan-an ló ti ń bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ onígbèsè, torí wọ́n á kàn kọ ọ́ pé "mi ò jẹ ẹ́" tàbí "mo ti san púpọ̀ nínú ẹ̀," kò sí ọjọ́, kò sí báńkì, kò sí iye. Supreme Court ti sọ ọ́ láti 1984 nínú ẹjọ́ Nishizawa àti Jethwani pé áfídéfíìtì ẹni tó fẹ́ jà gbọ́dọ̀ wọ inú kúlẹ̀kúlẹ̀. Tí àpò sìmẹ́ńtì kan bá ti dì kí wọ́n tó já a, kó sọ pé mélòó ni, ọjọ́ wo ló kó o padà, ta ló gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Adájọ́ ò tíì ní wò ó pé ta ló máa jàre, ohun tó ń wò ni pé ṣé nǹkan wà níbẹ̀ tó yẹ ká pe ẹlẹ́rìí sí.

Tí adájọ́ bá ní kò sí, ó dá ẹjọ́ nìyẹn. Àwọn míì máa ń ro pé àwọn á kàn padà sọ́dọ̀ adájọ́ yẹn kan náà kó fagi lé e, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìdájọ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ torí pé èèyàn ò wá. Rárá o. Tí adájọ́ bá ti ka ìwé ẹ̀yin méjèèjì kó tó dá a, ìdájọ́ gidi ni, ọwọ́ ẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, Ìbàdàn ló kù, ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Abala 241 nínú òfin ìpilẹ̀ 1999 sọ pé ìdájọ́ àṣekágbá láti Ilé Ẹjọ́ Gíga, ìyẹn èyí tó parí ọ̀rọ̀ náà pátápátá níbẹ̀, ò nílò pé kéèyàn kọ́kọ́ tọrọ àyè. Oṣù mẹ́ta ni àkókò ẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á láti ọjọ́ tí adájọ́ ka ìdájọ́. Èyí tí kì í ṣe àṣekágbá, ọjọ́ 14 péré ni, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí adájọ́ bá dá mílíọ̀nù márùn-ún tó ní kí wọ́n lọ jà lórí mẹ́ta tó kù, lọ́yà tó mọṣẹ́ ò ní jẹ́ kí ọjọ́ 14 yẹn kọjá kó tó ṣe nǹkan. Tó bá sì jẹ́ pé adájọ́ ní kí kọngílá wá gbèjà ara ẹ̀ láìfi ohun kankan ṣe dandan fún un, ọlọ́jà ò lè pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìyẹn, òfin ìpilẹ̀ ti tìlẹ̀kùn ẹ̀.

Ọ́gbómọ̀ṣọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sílẹ̀, lọ́dọ̀ rẹ́jísírà kóòtù tó dá ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn lórí ẹ̀, torí pé ìwé yẹn ò dá nǹkan kan dúró. Ọlọ́jà ṣì lè ní kí béèlífù lọ kó ẹrù kọngílá, ó lè gba àṣẹ kóòtù kí báńkì di owó inú àkáǹtì ẹ̀ mú, ilé àti ilẹ̀ nìkan ni kóòtù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí lọ́tọ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n dúró gbọ́dọ̀ bẹ kóòtù ìsàlẹ̀ ná, tí wọ́n bá kọ̀, ó ní ọjọ́ 15 láti bẹ Ìbàdàn. "Mi ò lówó" nìkan kì í tó. Púpọ̀ nínú àwọn adájọ́ á ní kó kó owó náà wá sọ́wọ́ kóòtù, kí wọ́n fi sí àkáǹtì tó ń mú èlé wá títí ẹjọ́ á fi parí, èyí sì bójú mu lójú tèmi, torí ọlọ́jà náà lẹ́ni tó ń sin òun lówó.

Lẹ́yìn náà ni gbogbo fáìlì máa gba Ọ̀yọ́ kọjá lọ sí Ìbàdàn. Rẹ́jísírà ní ọjọ́ 60 láti kó o jọ, tí kò bá ṣe é, ẹni tó pè é ní ọjọ́ 30 láti ṣe é fúnra ẹ̀. Tí fáìlì bá ti wọlé, lọ́yà ẹni tó pè é á kọ àlàyé ẹ̀ láàárín ọjọ́ 45, ìkejì á fèsì láàárín ọjọ́ 30.

Adájọ́ mẹ́ta ló ń jókòó lé e, fáìlì yẹn náà ni wọ́n sì ń kà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí, wọ́n á ti rí tẹ́là báńkì tó sọnù, wọ́n á sọ pé ó di Ìbàdàn. Ìwé tí kò sí níwájú adájọ́ àkọ́kọ́, wọn ò ní wò ó àyàfi tí kóòtù bá gbà á láyè, ó sì ṣòro kí wọ́n gbà á tó bá jẹ́ ohun tó yẹ kéèyàn ti wá jáde nígbà yẹn. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé, pẹ̀lú ohun tí kọngílá kọ lọ́jọ́ náà, ṣé ó yẹ kí adájọ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn? Ohun míì tó máa ń gbé irú ẹjọ́ yìí ṣubú ni tí wọn ò bá fún un ní ìwé pé ọjọ́ báyìí ni ẹjọ́, torí ẹ̀tọ́ kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni wà nínú abala 36 òfin ìpilẹ̀.

Tí kọngílá bá jàre, gbèsè ò tíì lọ o, ẹjọ́ ló máa padà kí wọ́n wá pe ẹlẹ́rìí, ó sì lè jẹ́ níwájú adájọ́ míì. Tó bá pàdánù, owó yẹn ṣì wà lọ́rùn ẹ̀ pẹ̀lú èlé àti owó kóòtù. Torí ẹ̀ lọ̀pọ̀ ṣe máa ń jókòó sọ̀rọ̀ láàárín méjì, kí wọ́n pín owó sí ìdá mẹ́rin, kí kóòtù wá sọ àdéhùn wọn di ìdájọ́. Kí wọ́n tó sáìn irú ẹ̀, kí lọ́yà ka iye owó àti ọjọ́ ìsanwó fún wọn ketekete, torí ìdájọ́ àdéhùn ò ṣeé pe kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ẹ̀ láìtọrọ àyè lọ́wọ́ kóòtù.