Ta Ló Yẹ̀ Ẹ́ Wò? Àlàyé lórí Òṣùwọ̀n àti Ìwé Ẹ̀rí Ohun Èlò Iná

Èmi àti àbúrò ìyá mi ni a jọ lọ ra ẹ̀kìsìtẹ́ńṣọ̀n ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì. Ọmọkùnrin tó ń tajà gbé méjì kalẹ̀: ọ̀kan wúwo, èkejì fúyẹ́ bí ike omi tó ti ṣófo. Ó na ìka sí lẹ́tà CE tó wà lẹ́yìn èyí tó fúyẹ́, ó ní, "Ẹ wò ó, màmá, orijínà ni. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ lù ú." Àǹtí mi yíjú sí mi, wọ́n ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí n kò lè sọ tán lójú ọjà lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ níbí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá ń ra gààrí mọ kóńgò. Owó gààrí lè wọ́n lónìí kó rọ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n kóńgò kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ẹni tó bá fi òòlù lu ìdí tirẹ̀ wọnú ti rẹ́ aráàlú jẹ. Ohun èlò iná náà ní kóńgò tirẹ̀, àmọ́ inú ìwé ni tiwọn wà: bí wáyà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó, bí ike ṣe gbọ́dọ̀ fara da ooru tó, bí ibi tí iná wà ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ọwọ́ ènìyàn tó. Àjọ tó ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé ni IEC. Ọdún 1906 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Lord Kelvin ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, ìlú Geneva ló sì fi ṣe ibùjókòó báyìí. Ní Nàìjíríà, SON ni iléeṣẹ́ ìjọba tí òfin ọdún 1971 gbé iṣẹ́ òṣùwọ̀n lé lọ́wọ́. NIS ni wọ́n ń pe òṣùwọ̀n tiwa, ọ̀pọ̀ nínú èyí tó jẹ mọ́ iná ló sì wá láti inú ìwé IEC.

Ohun tó wà nínú àwọn ìwé yìí wù mí púpọ̀, nítorí pé àwọn tó kọ wọ́n ronú bí abiyamọ. Ìka irin kan wà tí wọ́n fi ń yẹ ohun èlò wò. Ó ní oríkèé bí ìka ènìyàn, ó fẹ̀ tó mìlímítà 12, ó gùn tó mìlímítà 80. Wọ́n á máa kì í bọ gbogbo ihò àti àlàfo tó bá wà lára ohun èlò náà. Bí ó bá fi lè kan ibi tí iná wà, ohun èlò ti fìdí rẹmi nìyẹn. Wáyà kan tún wà tí wọ́n máa ń mú gbóná títí yóò fi pọ́n. Fún àwọn ẹ̀yà kan, ooru rẹ̀ ń dé 850 lórí ìwọ̀n Celsius. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ike fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí ike náà bá gbaná, iná yẹn gbọ́dọ̀ kú fúnra rẹ̀ kí ìṣẹ́jú àáyá 30 mìíràn tó pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mú wáyà kúrò. Ẹ rántí ike tó máa ń jó lọ láìkú, tó ń yọ́ kán sílẹ̀ bí àbẹ́là. Kò lè yege níbẹ̀.

Ẹ wo pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí gbogbo wa ń lò. Òṣùwọ̀n BS 1363 ni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e jáde ní ọdún 1947. Ẹsẹ̀ òkè rẹ̀ gùn ju méjì yòókù lọ nítorí pé òun ló ń kọ́kọ́ wọlé, òun ló sì ń ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó bo ihò méjì ìsàlẹ̀. Tìtorí ọmọdé ni wọ́n ṣe fi ilẹ̀kùn náà síbẹ̀, kó má baà ki ìṣó bọ ojú iná. Àwa wá ń fi bíró ṣí i kí a lè ki pílọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì bọ̀ ọ́. Èmi náà ti ṣe é rí. Ọjọ́ tí mo rí i pé ọmọ ọdún mẹ́rin kan ń wò mí ni mo jáwọ́.

Fúùsì inú pílọ́ọ̀gì náà, èyí tó ń já bí iná bá pọ̀ jù, kò gbọ́dọ̀ ju áńpíà 13 lọ. Iná fólítì 230 lọ́nà áńpíà 13 kò pé wáàtì 3,000. Kẹ́tùlù tó ń jẹ 2,000 àti áyọ́ọ̀nù tó ń jẹ 1,200, bí a bá fi méjèèjì sórí ẹ̀kìsìtẹ́ńṣọ̀n kan, wọ́n ti kọjá agbára rẹ̀, kódà bó jẹ́ ojúlówó.

Ó wá ku ìwé ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa Èkìtì, a mọ ohun tí ìwé ẹ̀rí jẹ́. Òṣùwọ̀n ni sílébọ́ọ̀sì, ilé àyẹ̀wò ni gbọ̀ngán ìdánwò, ìwé ẹ̀rí sì ni èsì WAEC: ẹlòmíràn ló máàkì ìwé, kì í ṣe ọmọ náà, kì í sì í ṣe bàbá rẹ̀. Bí èsì WAEC láti Gánà ṣe lè wúlò níbí, bẹ́ẹ̀ náà ni ètò kan wà lábẹ́ IEC, tí wọ́n ń pè ní CB, tí àyẹ̀wò tí wọ́n bá ṣe ní orílẹ̀-èdè kan fi ń rí ìtẹ́wọ́gbà ní òmíràn.

CE yàtọ̀ sí èyí. Ní ti ọ̀pọ̀ ohun èlò iná inú ilé, ẹni tó ṣe ọjà náà ló ń lẹ CE mọ́ ọn fúnra rẹ̀, láti fi búra pé ọjà òun bá òfin Yúróòpù mu. Lọ́hùn-ún, ìjọba lè ní kó mú ẹ̀rí àyẹ̀wò wá, kí wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́ bó bá parọ́. Ní Adó, ta ni yóò bi í? Lẹ́tà méjì ni, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé èyíkéyìí lè tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí Nàìjíríà ṣe sí i ni SONCAP, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005. Wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ọjà wò kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi bọ̀ níbí, kí ìwé ẹ̀rí sì tẹ̀ lé e. MANCAP ni ti ọjà tí a ṣe nílé. Mo máa ń wá MANCAP lára wáyà ju ohunkóhun lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ayédèrú ti ń ṣọṣẹ́ jù: alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú. Bí iná ṣe ń rọrùn kọjá nínú alumíníọ́mù kò ju nǹkan bí 60 nínú 100 ti bàbà tó nípọn tó o lọ. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú wáyà náà. Bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ má rà á.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, ìgbà tó wà ní titun ni wọ́n ṣe é fún un, kò mọ iye ìgbà tí wọ́n ti tú u tún un so. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá, tó gba òǹtẹ̀ tòótọ́ ti UL, iléeṣẹ́ tó ń yẹ ohun èlò wò lọ́hùn-ún, lè jẹ́ pé iná 120 ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá kì í bọ iná 230 tiwa, yóò jó, òǹtẹ̀ náà kò sì parọ́.

Mo ní kí ọmọkùnrin náà bá wa fi sùkúdiráfà tú pílọ́ọ̀gì méjèèjì. Kò bínú, ó tú wọn. Nínú èyí tó wúwo, a bá fúùsì tí wọ́n kọ 13 sí lára. Nínú èyí tó ní CE, irin róbótó kan lásán ni wọ́n fi sí ipò fúùsì. Òun náà dúró, ó ń wò ó. Àǹtí mi ní, "Ọmọ mi, dá ìyẹn padà fún ẹni tó tà á fún ọ," wọ́n sì ka owó èyí tó wúwo sí i lọ́wọ́.